Ẹ Bi Wá Nípa Orin: Báwo Ni Angélique Kidjo Ṣe Ti Ouidah Dé Paris?

Lóṣù yìí, lẹ́tà tó wọlé láti Badagry pọ̀ ju ti ibòmíì lọ, orúkọ obìnrin kan ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù, Angélique Kidjo, olórin ọmọ Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Sèmè kò ní pẹ́ dé Kútọnu, láti Kútọnu sí Ouidah náà ò sì jìnnà, ọmọ àdúgbò lẹ ka obìnrin yẹn sí, ẹ sì jàre. Mo ti kó àwọn ìbéèrè tó jọra pa pọ̀. Ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ta ló ni orin ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jẹ àwọn ọmọ wa níyà nílé àti lẹ́yìn odi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ajárá ni mo ń gbé ní Badagry, èmi àti mọ́mì mi jọ ń ta ẹja ní ọjà Agbalata, lọ́jọ́ Sunday mo máa ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, táwọn èèyàn bá ń ṣe ìnáwó wọ́n tún máa ń pè mí. Mo ti ní orin tó tó mẹ́wàá tí mo ṣe fúnra mi, Ègùn ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, Yorùbá wà níbẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa ń fi fóònù ká a sílẹ̀. Àbúrò dádì mi kan wá sọ pé tí mo bá fẹ́ dé ibi tí Angélique Kidjo dé, kí n yáa gbé Ègùn tì, kí n máa fi òyìnbó kọrin, pé ta ló fẹ́ gbọ́ Ègùn ní Paris. Wọ́n tún ní físà ni kí n kọ́kọ́ máa wá, pé téèyàn bá ti débẹ̀ gbogbo ẹ̀ á yanjú. Ẹ̀gbọ́n, ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Báwo ni tiẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an? — Ọmọ Ajárá

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ìforítì, ẹja títà pẹ̀lú orin kíkọ kì í ṣe kékeré. Àbúrò dádì ẹ, àgbà ni, mi ò ní rí wọn fín, àmọ́ ohun tí wọ́n sọ yẹn, ìtàn obìnrin náà fúnra ẹ̀ ló máa dá wọn lóhùn.

Wọ́n bí i ní Ouidah lọ́jọ́ 14 oṣù July ọdún 1960, ìlú wọn ń jẹ́ Dahomey nígbà yẹn, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì àtààbọ̀ kí wọ́n gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Mọ́mì ẹ̀ ní ẹgbẹ́ tíátà, ibẹ̀ lòun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jó, tó ń kọrin látọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin sì ní ẹgbẹ́ olórin tiwọn nínú ilé, tí wọ́n ń kọ orin James Brown àtàwọn ará Amẹ́ríkà míì, torí náà bí ìlù ìbílẹ̀ ṣe ń wọ etí kan ni jìtá ń wọ èkejì. Miriam Makeba ti South Africa àti Bella Bellow ti Tógò ló ń wò, obìnrin aláwọ̀ dúdú bíi tiẹ̀ tó dúró nídìí máìkì, tó ń fi èdè ara ẹ̀ kọrin, tẹ́nikẹ́ni ò sì lé e sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì dàgbà púpọ̀ tí wọ́n ti ń gbóhùn ẹ̀ lórí rédíò ìlú wọn. Lọ́dún 1981 ó gbé àwo àkọ́kọ́ jáde, Pretty ló pè é, Ekambi Brillant ti Kamẹrúùnù ló bá a ṣe é, àwo yẹn ló sì mú un rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ṣó o rí i báyìí? Ó ti gbajúmọ̀ nílé kó tó kó lọ sí Paris. Ibi táwọn èèyàn máa ń fò kọjá nínú ìtàn ẹ̀ nìyẹn, wọ́n á ti Ouidah fò sórí Grammy, ẹ̀bùn orin ńlá ti Amẹ́ríkà, lẹ́ẹ̀kan náà, bíi pé wọ́n há a fún un ní èápọ́ọ̀tù.

Ohun tó lé e kúrò nílé kì í ṣe àìríṣẹ́. Ìjọba Mathieu Kérékou, sójà tó gbàjọba lọ́dún 1972, fẹ́ káwọn olórin máa kọrin yin ìjọba, ó sì ti ń di pé ẹni tí ò bá ṣe é kò ní rí ojú rere. Kò fẹ́ ṣe é. Lọ́dún 1983 ló yọ́ wọ bàálù lọ sí Paris, ọmọ ọdún 23.

Nígbà tó débẹ̀, ta ló mọ̀ ọ́n? Iṣẹ́ tó bá rí ló ń ṣe kó lè sanwó ilé ìwé. Ó ti kọ́kọ́ fẹ́ di lọ́yà, lọ́yà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kó tó wá yà sí CIM, ilé ìwé orin jáàsì kan ní Paris, ẹni tí wọ́n ti ń gbọ́ lórí rédíò nílé ló tún lọ jókòó ní kíláàsì o. Ibẹ̀ ló ti pàdé Jean Hebrail, ọmọ Faransé tó ń ta bàásì, wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe orin, wọ́n sì fẹ́ra, èyí tó pọ̀ jù nínú orin tá a mọ̀ ọ́n mọ́, àwọn méjèèjì ló jọ ṣe é.

Ibi tí mo fẹ́ kó o dúró wò dáadáa nìyí: elégbè ló ṣe níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ní àwo tiẹ̀, tó ti ń dúró níwájú, ló padà sẹ́yìn lọ ń gberin fún ẹlòmíì. Lọ́dún 1985 ló di ẹni tó ń lé orin fún Pili Pili, ẹgbẹ́ Jasper van 't Hof, ọmọ Hólàǹdì tó ń tẹ dùùrù, jáàsì ni wọ́n ń pò mọ́ ìlù Áfíríkà, ó sì bá wọn ṣe àwo mẹ́ta. Ọdún 1989 ló tó gbé àwo jáde ní Paris lórúkọ ara ẹ̀, Parakou, ìlú kan lápá òkè Benin ló fi sọ ọ́. Ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ, láti 1983 sí 1989. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Chris Blackwell, ẹni tó dá Island Records sílẹ̀, ọ̀gá tó gbé Bob Marley síta fáráyé, wá gbà á síṣẹ́ lọ́dún 1991, Logozo jáde, orúkọ ẹ̀ bá kárí ayé. Lọ́dún 2023 tí wọ́n fún Angélique ní Polar Music Prize ní Sweden, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fún Blackwell ní tiẹ̀, inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i, ẹni tó gbé èèyàn síta àtẹni tó gbé síta, wọ́n jọ gbẹ̀bùn.

Ó yá, èdè wo ló fi ṣe gbogbo ẹ̀? Fon ló fi ṣe èyí tó pọ̀ jù. Fon àti Ègùn tiyín yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ẹ ń gbọ́ra yín. Ó tún fi Yorùbá kọ ọ́. Ayé tó jáde lọ́dún 1994, Oremi ti 1998, Oyaya ti 2004, kò sí ọmọ Yorùbá tó nílò ògbufọ̀ lórí orúkọ àwọn àwo yẹn. Fídíò Agolo tó wà nínú Ayé wọ ìdíje Grammy lọ́dún 1995. Kì í ṣe pé kò kọ òyìnbó tàbí Faransé rí o, ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n òyìnbó kọ́ ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tí ń bẹ ní Paris ò wá olórin tó ń ṣe bí ará London, wọ́n ní ìyẹn nílẹ̀ tó kún ọjà, ohun tí wọn ò ní ni wọ́n ń wá. Kódà nígbà tó fẹ́ ṣe Fifa, tó jáde lọ́dún 1996, ṣe ló padà sí Benin, wọ́n gbé ẹ̀rọ káàkiri abúlé, wọ́n ká ìlù ìbílẹ̀ síbẹ̀, orí ìlù yẹn ni wọ́n wá kọ́ àwo náà lé. Ìwọ tó o wà ní Badagry ní ìlù Sato nítòsí ẹ, o sì fẹ́ gbé e tì?

Ti físà, mi ò ní parọ́ fún ẹ. Faransé ní ìwé ìgbé kan tí wọ́n ń fún oníṣẹ́ ọnà, ó lè tó ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó o ti ṣe àti àgírímẹ́ǹtì iṣẹ́ tẹ́nì kan níbẹ̀ ti fún ẹ ni wọ́n máa ní kó o kó wá. Wọ́n á bi ẹ́ nípa orin tó o ní nílẹ̀ náà ni. Torí náà jẹ́ ká tọ́jú orin yẹn. Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ kó má gbé fóònù sórí bẹ́ǹṣì táwọn onílù jókòó lé, ariwo ẹ̀ á bo ohùn ẹ, kó dì í mú, kó kọjú ìsàlẹ̀ ẹ̀ sí ẹnu ẹ, káwọn onílù sún sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ sì ká a lálẹ́ nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti dákẹ́. Kó o tó kọ ẹyọ kan, dárúkọ ara ẹ, dárúkọ orin náà, sọ ọjọ́ tó o ká a. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì tìẹ fúnra ẹ lójú ẹsẹ̀. Máa kọ ọ̀rọ̀ orin kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kan ṣoṣo, má kọ ọ́ sẹ́yìn kálẹ́ńdà.

Ohun míì tún wà. Ajárá tó ò ń gbé yìí náà ni Nigeria French Language Village wà, àwọn ọmọ yunifásítì ń ti gbogbo Nàìjíríà wá kọ́ Faransé níbẹ̀. Ìwọ ń kọjá lẹ́nu géètì wọn. Lọ béèrè bí ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe lè kọ́ ọ, tí kò bá ṣeé ṣe, wá ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ kó máa kọ́ ẹ nírọ̀lẹ́. Mi ò ní kó o fi Faransé kọrin o, mo fẹ́ kó o lè ka àgírímẹ́ǹtì ni, kó o sì lè bá ẹni tó fẹ́ gbé ẹ lọ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan ń túmọ̀ ẹ̀ fún ẹ bó ṣe wù ú. Kútọnu náà wà nítòsí, ó ní Institut français, ilé àṣà ti Faransé, wọ́n máa ń gbé olórin sórí pèpéle níbẹ̀. Kọ́kọ́ kọrin ní Kútọnu ná.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa parí àríyànjiyàn. Lánlọ́ọ̀dù mi ní Ìkòròdú ní ọmọ Yorùbá ni Angélique Kidjo, pé ọmọ Nàìjíríà ni. Èmi ní ará Benin ni. Ta ló gbà? — Ayálégbé, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ará Benin ni, ìwọ lo gbà níbẹ̀. Fon ni bàbá ẹ̀, ìran Yorùbá sì wà níhà ìyá ẹ̀, torí náà lánlọ́ọ̀dù yín náà ò jìnnà. Ààlà tí òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà láàárín ara wọn lọ́dún 1889 ló jẹ́ ká máa jà sí irú ẹ̀, Yorùbá wà ní Kétu, wọ́n wà ní Ṣábẹ̀, wọ́n wà ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, Ègùn náà sì wà níbí. Ẹ lọ bá bàbá yẹn ṣe pẹ̀lẹ́, ẹ fún wọn ní ìdajì.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo kí yín o. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Paris, ó ń bá ẹgbẹ́ olórin kan ṣiṣẹ́, jìtá ló ń ta. Ó ṣe orin kan, ọ̀rọ̀ ẹ̀ àti ohùn ẹ̀, òun ló ti orí ẹ̀ jáde, mo tiẹ̀ gbọ́ ọ lórí fóònù kó tó kọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ká a sínú àwo, orúkọ ọ̀gá ẹgbẹ́ ni wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n kì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, rédíò ibẹ̀ sì ń lo orin náà. Ó ní òun ò fẹ́ jà torí òun ò fẹ́ kí wọ́n lé òun. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn? — Ìyá kan ní Èpè

ÌDÁHÙN: Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, kò tíì bọ́. Mo bínú nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, torí irú ẹ̀ ti pọ̀ jù, ọmọ wa á ṣe orin, ẹlòmíì á máa jẹ ẹ́.

Ìlú tí ọmọ yín wà yẹn gan-an ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìjà yìí. Lọ́dún 1847 olórin kan tó ń jẹ́ Ernest Bourget wọ ilé ìgbafẹ́ kan ní Paris, ó jókòó, ó ń mu nǹkan, bó ṣe jókòó báyìí ló gbọ́ tí wọ́n ń kọ orin tó jẹ́ òun ló ṣe é. Wọ́n gbé owó nǹkan mímu wá, ó ní òun ò san kọ́bọ̀, ẹ̀yin ń lo orin mi ẹ ò san, èmi náà mu ohun mímu yín mi ò san. Ọ̀rọ̀ di ti kóòtù, kóòtù dá a láre. Látibẹ̀ ni wọ́n ti dá SACEM sílẹ̀ lọ́dún 1851, òun ló ń gba owó lọ́wọ́ rédíò, tẹlifíṣọ̀n, òtẹ́ẹ̀lì, ilé ijó, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń lo orin, tó sì ń pín in fáwọn tó ṣe orin.

Bí wọ́n ṣe ń pín owó orin tí wọ́n lò ní gbangba nìyí: ẹni tó ṣe ọ̀rọ̀ orin ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹni tó ṣe ohùn ẹ̀ ní ìdá kan, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó orin náà, tó bá wà, ní ìdá kan. Ẹ wá wò ó, ọmọ yín ló ṣe ọ̀rọ̀, òun ló ṣe ohùn, ẹlòmíì ló ń gba méjèèjì. Owó tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ yẹn, owó jìtá tó ta lọ́jọ́ náà ni, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú owó orin, ìyẹn ni wọ́n fi ń tan àwọn ọmọ yìí, wọ́n á sọ pé a ti sanwó fún ẹ tán. Owó ọjọ́ kan yàtọ̀. Owó orin á máa wá ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá lò ó, títí ẹni tó ṣe é á fi kú, á tún máa wá fáwọn ọmọ ẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀, bó ṣe rí ní Faransé nìyẹn, bó sì ṣe rí nínú òfin tiwa náà nìyẹn.

Ọ̀kan tún wà tó yẹ kí inú yín dùn sí. Lófin Faransé, ẹ̀tọ́ kí wọ́n dárúkọ ẹni tó ṣe orin, kò ṣeé tà. Kódà kí ọmọ yín ti fọwọ́ síwèé pé òun yọ̀ǹda ẹ̀, ìwé yẹn ò lè gba orúkọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀tọ́ yẹn ò sì ń tán.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún un rèé, ẹ fi voice note sọ ọ́ kó lè gbọ́ ohùn yín. Kó má fọwọ́ sí ìwé kankan mọ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí. Kó kó gbogbo ohun tó ní jọ, fóònù tó kọ́kọ́ ká orin náà sí, kó má tà á, kó má pààrọ̀ ẹ̀, ọjọ́ wà lára fáìlì ẹ̀. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì WhatsApp tó fi orin náà ránṣẹ́ síìyàn, ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sí. Ẹ̀yin náà, tó bá jẹ́ pé WhatsApp ló fi kọ ọ́ fún yín, ẹ má pa á rẹ́ o, àní kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ bí ẹ ṣe ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Kó wá forúkọ sílẹ̀ ní SACEM gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣe orin, kó sì kọ̀wé sí wọn pé orin báyìí báyìí, òun ló ṣe é. Kó tó lọ síbẹ̀ kó kọ́kọ́ bá ọ̀gá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí, kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ímeèlì, torí ìdáhùn tí ọ̀gá náà bá fún un, ẹ̀rí ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa ń gbà kí wọ́n pín in nígbà tí wọ́n bá rí i pé ọmọ yẹn ti mọ òfin.

Ẹ tún bi í bóyá wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo eré tó bá wọn ṣe, bóyá ó ń gba ìwé owó iṣẹ́ lẹ́yìn eré. Ní Faransé, olórin tó bá níwèé ìgbé tó pé, tó sì ṣiṣẹ́ tó 507 wákàtí láàárín oṣù 12, ìjọba ní ètò tó ń fún un lówó láwọn ọjọ́ tí kò sí eré. Eré kan ni wọ́n ń kà sí wákàtí 12, tẹ́ ẹ bá pín in, ó tó bí eré 43 lọ́dún. Àmọ́ eré tí wọn ò kọ sílẹ̀, tí wọ́n kàn kì owó bọ̀ ọ́ lápò lẹ́yìn pèpéle, òfo ni níbẹ̀, kò ní kà á. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ló ń ṣe eré tó ju 43 lọ tí ẹyọ kan ò sí nínú ìwé.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ gbogbo èyí ni pé ohun tó gbé Angélique Kidjo ró nìyẹn. Grammy márùn-ún ló ní, 2008, 2015, 2016, 2020, 2022, gbogbo ayé ló mọ ìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ẹ̀yìn àwọn àwo ẹ̀, ẹ máa rí orúkọ ẹ̀ àti ti Hebrail níbi tí wọ́n ti kọ ẹni tó ṣe orin. Ó kúrò lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbà á, ó lọ sí iléeṣẹ́ Columbia lọ́dún 2000, ó tún kúrò níbẹ̀, orin ẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín náà ní ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ẹ kọ̀wé sí mi padà, Mọ́mì, mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe já sí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ ń pariwo Kidjo. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Badagry, kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, a máa ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Yorùbá tí wọ́n ń ti Lọ́ńdọ̀nù kó wá. Ọkùnrin kan tó ń ta jìtá ni. Ta ni? — Bàbá, ẹ̀gbẹ́ Marina, Badagry

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú àgbà o, ẹ ò gbàgbé. Ambrose Campbell ló máa jẹ́. Ọládìpúpọ̀ Adékọ̀yà Campbell, ọmọ Èkó, 1919 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ló gbé e dé Ìlú Ọba nígbà ogun Hitila. Lọ́jọ́ 8 oṣù May 1945 tí ogun parí ní Yúróòpù, tí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù tú síta, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbé ìlù àti jìtá dé Piccadilly Circus, wọ́n ń kọrin láàárín èrò. Ẹgbẹ́ tí wọ́n wá dá sílẹ̀ ni West African Rhythm Brothers, Brewster Hughes wà pẹ̀lú ẹ̀. Lọ́dún 1946 àwọn ni wọ́n ń lùlù fún Les Ballets Nègres, ẹgbẹ́ oníjó aláwọ̀ dúdú tí Berto Pasuka ti Jàmáíkà dá sílẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ Melodisc wá ń tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù wọn, èyí tẹ́ ẹ gbọ́ ní Badagry nìyẹn, àṣíkò àti orin jìtá ẹlẹ́mu, pẹ̀lú Yorùbá tó já gaara. Wọ́n ń lù ní Abalabi, ilé ijó kan ní Soho ní Lọ́ńdọ̀nù, dúdú àti funfun ń jó pọ̀ níbẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ pé ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù ò gbà kí aláwọ̀ dúdú yá yàrá wọn. Fela dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1958 láti kọ́ orin, ẹgbẹ́ Campbell ló bá nílẹ̀.

Ó dun mi pé ọmọ Èkó tó mọ orúkọ ẹ̀ lónìí ò pọ̀. Lọ́dún 1972 ó kó lọ Amẹ́ríkà, ó bá Leon Russell, olórin kan níbẹ̀, ṣiṣẹ́, nígbà tó darúgbó ó padà sí Ìlú Ọba, Plymouth ló kú sí ní oṣù June 2006. Iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Honest Jon's ní Lọ́ńdọ̀nù ti tún àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ àtijọ́ tẹ̀ jáde. Bàbá, tí ọmọ-ọmọ yín bá ní fóònù, ẹ ní kó wá a lórí YouTube fún yín, ó wà níbẹ̀, ẹ máa gbọ́ ohùn yẹn padà. Tẹ́ ẹ bá ṣì ní rẹ́kọ́ọ̀dù kankan nínú àpótí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dà á nù, ẹ jọ̀ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀ọ̀dá, ọ̀kadà ni mo ń gùn ní Mọ̀wó, mo fẹ́ràn orin gan-an, àmọ́ dátà ò tó nǹkan. Tí mo bá fẹ́ gbọ́ Kidjo, èwo ni kí n kọ́kọ́ gbé sórí fóònù? — Ọlọ́kadà, Mọ̀wó

ÌDÁHÙN: Ọ̀rẹ́ mi, Logozo ni kó o kọ́kọ́ gbé. Batonga àti We We wà níbẹ̀, ara ẹ á yá. Lẹ́yìn ìyẹn, Fifa, torí ìlù tí mo sọ lókè yẹn, tó o bá jẹ́ Ègùn orí ẹ á wú. Eve tó jáde lọ́dún 2014 ni mo fẹ́ràn jù nínú èyí tó ṣe lẹ́nu àìpẹ́, àwọn obìnrin ní Kenya àti ní Benin ló gberin fún un, o máa gbọ́ ohùn àwọn ìyá gidi, kì í ṣe ti sítúdíò. Remain in Light ti 2018, orin Talking Heads ti Amẹ́ríkà ni wọ́n tún ṣe, àwọn yẹn sì ti kọ́kọ́ gba òye lára orin Fela, ó kàn bá wa gbé e padà wálé ni, Tony Allen tiwa ló lu ìlù níbẹ̀. Tony Allen wà nínú Celia náà, ti 2019, ṣùgbọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tó o bá ti mọ ohùn ẹ̀ dáadáa, orin Cuba ni. Tó bá jẹ́ Burna Boy àti Yemi Alade lo fẹ́ràn, Mother Nature ti 2021 ni kó o wá.

Fídíò kan tún wà tí mo fẹ́ kó o wò tó o bá rí Wi-Fi ọ̀fẹ́. Lọ́jọ́ 11 oṣù November 2018, wọ́n ṣe ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí ní Paris, àwọn olórí orílẹ̀-èdè jókòó, òjò ń rọ̀, Angélique jáde wá kọ Blewu, orin Bella Bellow ti Tógò, ní ìrántí àwọn sójà Áfíríkà tó kú sínú ogun ẹni ẹlẹ́ni. Kò fi Faransé kọ ọ́.

Tí dátà bá ṣì ṣẹ́ kù, gbé Ẹyẹ Àdàbà ti Aṣa sí i. Paris ni wọ́n bí òun, Èkó ló dàgbà sí, Paris ló ti gbé àwo àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 2007, tí wọ́n sì fún un ní Prix Constantin, ẹ̀bùn orin kan ní Faransé, ní 2008. Keziah Jones náà, ojú títì Lọ́ńdọ̀nù àti ibùdókọ̀ reluwé abẹ́ ilẹ̀ ní Paris ló ti ń ta jìtá kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, Blufunk Is a Fact ti 1992 ni kó o wá.

Ṣùgbọ́n má fi earpiece sétí tó o bá gbé èrò o, ọ̀nà Badagry yẹn, tírélà pọ̀ níbẹ̀.